Kí Ẹnikẹ́ni Má Fọwọ́ Kàn Án

Ẹni tó bá ti ń bínú kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti wá ẹ̀bi. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n fún yín: Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ohun tó fà á. Ẹ ti ń fura bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe bínú tó, nítorí ìbínú náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìbínú náà ló sì tú ọ̀rọ̀ náà nígbẹ̀yìn.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ni oyè tí ó kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Mo-Ti-Sọ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é bí kò bá sí nítòsí, nítorí kò tíì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí kò ti sọ tẹ́lẹ̀. Bí iná bá lọ, ó ti sọ. Bí òjò bá gba ojú fèrèsé wọlé, ó ti sọ. Nígbà tí dókítà kan fẹ̀yìn tì, tí a ń ṣe ìdágbére fún un, Mo-Ti-Sọ rọra sọ sí ẹni tó jókòó tì í létí pé ó ti pẹ́ tí òun ti sọ pé ọkùnrin náà ń dàgbà.

Iṣẹ́ tí ó fi ń yangàn jù ni ètò tó ń pín dúútì. Bí oṣù tuntun bá ti fẹ́ wọlé, ètò yìí á pín àwọn nọ́ọ̀sì sí wọ́ọ̀dù: ẹni tí yóò ṣe òwúrọ̀, ẹni tí yóò ṣe òru, ẹni tí yóò sinmi. Kí ó tó dé, Màmá Nọ́ọ̀sì, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ló ń fi pẹ́ńsù àti ìrésà pín in, ìjà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Èdè Páítọ́ọ̀nù ni wọ́n fi kọ ètò náà. Kì í ṣe fáìlì kan ṣoṣo; fáìlì àgbà kan wà tó ń pe àwọn yòókù wọlé kí wọ́n wá ṣe tiwọn, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní ìmpọ́ọ̀tù. Ó dà bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ tó ké sí ọmọ pé kó gbé iyọ̀ wá. Bí ọmọ bá dé ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí tí kò bá a, á kígbe láti ibẹ̀ pé iyọ̀ ò sí o, ọbẹ̀ á sì dúró.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà kò fi ètò náà mọ bẹ́ẹ̀. Ní ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́ kan tó ti pẹ́ díẹ̀, ó dìde, ó ní òun ti fi nǹkan tuntun sí inú rẹ̀ tó ń tún fódà tí wọ́n kó àwọn fáìlì sí ṣe fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ètò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí pàǹtí má bàa kún inú rẹ̀. Agbálẹ̀ ni ó sọ ọ́. Ó sọ̀rọ̀ lórí Agbálẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù. A pàtẹ́wọ́ kí ó lè jókòó.

Iyọ̀ inú ètò yìí ni fáìlì kan tí ń jẹ́ ìpínṣẹ́. Òun ló mọ̀ pé aboyún kì í ṣe òru. Òun ló ń rí i pé ẹnikẹ́ni kò ṣe òru ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà kọ́ ló kọ ọ́. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló kọ ọ́, ọmọbìnrin kan tó kàwé nípa kọ̀ǹpútà, tó wá iṣẹ́ títí bàtà rẹ̀ fi jẹ, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bẹ ọkọ pé kó mú un dání. Ọkọ mú un dání lóòótọ́, kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún wa, ó sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn tó ń dúró de dókítà ní kọ́rídọ̀. Iṣẹ́ ìdánwò ni wọ́n fún ọmọ náà. Oṣù yìí ni Ọ̀gá Dókítà, obìnrin tó ń darí ilé ìwòsàn, yóò sọ bóyá yóò di òṣìṣẹ́ gidi tàbí kó máa lọ. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ, kò sí ibòmíràn tó ń retí rẹ̀.

Òfin kan wà ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà. Fáìlì yòówù kó wọ inú fódà rẹ̀, ẹni yòówù kó kọ ọ́, ìlà tó ṣáájú lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́: "Iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Irú ìlà bẹ́ẹ̀, Páítọ́ọ̀nù kì í kà á. Àmì kan wà níwájú rẹ̀ tó ń sọ fún un pé kó fò ó, pé ọ̀rọ̀ ènìyàn sí ènìyàn ni. Kì í ṣe ẹ̀rọ ní nǹkan kan, bí fìlà kò ṣe lè wo orí fífọ́. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sórí iṣẹ́ ara rẹ̀ láìjanpata. Ẹni tó ń gbé lábẹ́ òrùlé ènìyàn kì í bá a du fìlà.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni Ọ̀gá Dókítà yà wọ ọ́fíìsì wọn nígbà tí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà kò sí níkàlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ro ti àwọn aboyún mọ́ ọ̀rọ̀ dúútì. Ọmọbìnrin náà ní òun ni, ó sì fi ibi tó kọ ọ́ sí hàn án. Ọ̀gá Dókítà tẹ ojú mọ́ ìlà òkè.

"Orúkọ tìẹ nìyí?"

"Rárá, mà."

"Kọ tìẹ síbẹ̀. Níbí, ẹni tó bá kọ oògùn fún aláìsàn ló ń fọwọ́ sí i. Ẹlòmíràn kì í bá a fọwọ́ sí i."

Ó kọ tirẹ̀ síbẹ̀, ó sì pa ti ọ̀gá rẹ́. Nígbà tí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà gbọ́, ó ní kò burú. Ó sọ pé kò burú yẹn títí gbogbo wa fi mọ̀ pé ó burú gan-an. Ó ní ayé ti dojú rú, ẹni tí a fi ọwọ́ fà gòkè ló ń fi ẹsẹ̀ ti ni sí kòtò. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ yìí, eyín dídùn ló gbé wá sílé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ Ajé, dúútì oṣù tuntun yẹ kó jáde. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà tẹ bọ́tìnì lórí kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ilé ìwòsàn ń lò. Ètò náà kígbe pé òun kò rí fáìlì kankan tí ń jẹ́ ìpínṣẹ́.

Ìbínú bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú sí àwọn oníná, ó ní iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lè jẹ fáìlì. Ó bínú sí àwọn tó ta kọ̀ǹpútà náà fún wa. Ó bínú sí obìnrin tó ń nu ilẹ̀, pé ó sún tábìlì kúrò nípò, bí ẹni pé ẹ̀yìn tábìlì ni fáìlì bọ́ sí. Ó bínú sí Páítọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀. Ó ní èdè tó ń jẹ́ orúkọ òjòlá, kí la tún ń retí níbẹ̀ ju pé kó gbé nǹkan mì?

Ọmọbìnrin náà fa àga sún mọ́ ọn, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo inú fódà: fáìlì kò sí níbẹ̀. Ó ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́, ó gbé e padà síbẹ̀, ó sì wò ó pé ó wà. Ó yẹ orúkọ rẹ̀ wò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò ní àléébù. Ó wò ó bóyá Páítọ́ọ̀nù méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń ṣi ara wọn lọ́nà. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Ó wò ó bóyá inú fódà ẹlòmíràn ni ètò náà ń wá iyọ̀ lọ. Ibi tó yẹ ló ń wò. Ó wá tẹ bọ́tìnì. Ètò náà kígbe pé ìpínṣẹ́ kò sí. Ó tún wo inú fódà. Lóòótọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti rú u lójú. Fáìlì tó sọnù lẹ́ẹ̀kan, a lè ní àṣìṣe ni. Fáìlì tí a gbé kalẹ̀ lójú ara wa, tí a tẹ bọ́tìnì tí kò sí mọ́, ẹnìkan ló ń mú un. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó jọ pé nǹkan kan nínú fáìlì àgbà ló ń yọ ọ́ kúrò, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun ṣí i wò.

"Fáìlì tèmi?" ni Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà wí. "Ka ohun tó wà lórí ẹ̀ fún mi."

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, sà."

"O ṣeun."

Lẹ́yìn èyí ni ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ jáde nínú àpò. Ó tẹ bọ́tìnì, dúútì jáde wẹ́rẹ́. Inú ẹ̀rọ yìí, ẹ̀dà àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀, ìlà ọ̀gá sì ṣì wà lórí ìpínṣẹ́ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò jọ ọ́ lójú. Ohun tó jọ ọ́ lójú ni pé ó ṣiṣẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà káàkiri láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun hàn, ó ní kí olúkúlùkù fojú ara rẹ̀ rí i pé ètò òun kò ní àrùn kankan, ilé ìwòsàn ni ara rẹ̀ kò yá.

Àwọn nọ́ọ̀sì ti kún kọ́rídọ̀. Àwọn tó ṣe òru kò mọ̀ bóyá kí wọ́n lọ sílé. Àwọn tó wá fún òwúrọ̀ kò mọ wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń wọ̀. Ọ̀kan ti bọ́ bàtà, ó jókòó sórí igbá ìdọ̀tí tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Màmá Nọ́ọ̀sì gba kọ̀ǹpútà alágbèéká náà lọ́wọ́ Mo-Ti-Sọ, ó sún jìgí rẹ̀ sókè, ó sì ka dúútì náà fínnífínní.

"Nọ́ọ̀sì tí ẹ fi sí òru yìí," ó ní, "ó ti lọ sílé ọkọ ní ìlú mìíràn. Ṣé kí n lọ gbé e wá níbẹ̀, àbí ẹ máa bá mi bẹ ọkọ ẹ̀?"

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ní ẹni tó wà nínú dúútì kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀, kókó ọ̀rọ̀ ni pé dúútì jáde. Màmá Nọ́ọ̀sì ní òun náà lè mú dúútì jáde nínú àpò aṣọ òun bí ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò bá jẹ́ nǹkan kan. Ó dá ẹ̀rọ náà padà fún un, ó sì lọ wá pẹ́ńsù àti ìrésà rẹ̀ tó ti wà ní ìsinmi láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ yẹn, a padà sí ayé àtijọ́, ìjà rẹ̀ náà sì padà wá.

Nígbà tí ẹnu pọ̀ tó yìí, ẹni tó ní ètò gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò tì í sí. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà gun òkè lọ bá Ọ̀gá Dókítà. A gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, nítorí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tó ń dárúkọ ènìyàn. Ó wá dárúkọ rẹ̀. Ó ní ẹni tó lè pa ìlà ọ̀gá rẹ́ lè pa fáìlì rẹ́. Ó ní ọmọ náà fẹ́ kí iṣẹ́ dúró kí wọ́n lè wá bẹ òun, kí òun sì gbé fáìlì padà níwájú gbogbo ayé kí wọ́n gbé e gẹ̀gẹ̀. Ó ní òun ti sọ ọ́ nílé pé inú rere òun yóò pa òun lára lọ́jọ́ kan.

Ọ̀gá Dókítà bi í bóyá ó rí i kí ó pa á rẹ́. Ó ní kò dìgbà tí òun bá rí i. Nígbàkígbà tí ọmọ náà bá ti sún mọ́ kọ̀ǹpútà, fáìlì á lọ. Ohun tó fẹ́, ó rọrùn. Kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà ńlá náà wá sí ọ́fíìsì òun. Kí òun tì í pa, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní àpò òun. Kí ọmọ náà má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan nílé ìwòsàn títí di ọ̀sán ọ̀la, nígbà tí òun fúnra òun yóò gbé fáìlì síbẹ̀, tí òun yóò sì tẹ bọ́tìnì lójú gbogbo ènìyàn. Bí ó bá ṣiṣẹ́, a ti mọ olè.

Ọ̀gá Dókítà ní kí wọ́n pe ọmọbìnrin náà. Ó sọ ọ́ fún un bí ó ṣe gbọ́ ọ, kò bù kún un, kò bù kúrò.

"Bó bá jẹ́ ìwọ ni," ó ní, "ọ̀la lo máa lọ. Bí kò bá jẹ́ ìwọ, ọ̀la náà la máa mọ̀."

Inú bí wa, ká sọ òtítọ́. Ẹni tó fi gbogbo òwúrọ̀ wá ohun tó sọnù ni wọ́n ń pè ní ẹni tó gbé e. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní ẹnu ìjẹun tirẹ̀ tó ń ṣọ́. Àwọn tó ń kùn jù ló kọ́kọ́ bá Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Nílé nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ṣáájú wọn. Ìyàwó Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà kì í pariwo. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó ká ọwọ́ gbera.

"Dádì, àbúrò mi lẹ fẹ́ lé lẹ́nu iṣẹ́?"

"Òun ló lé ara ẹ̀."

"Oúnjẹ yín wà nínú ìdáná. Ó ní orúkọ yín lórí."

Ó sì ní orúkọ rẹ̀ lórí lóòótọ́, lára ìdérí abọ́. Ọkùnrin yìí a máa kọ "Ti Dádì" sára gbogbo ohun ìní rẹ̀: ife, àga, rìmóòtù, agboòrùn, títí kan sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé èékánná. Bí inú bá ń bí i, a sì máa tún pálọ̀ ṣe. Ohunkóhun tó bá bá nílẹ̀ tí kò rí "Ti Dádì" lára rẹ̀, yóò kó o sínú páálí kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná, ó di ọwọ́ ẹni tó bá lọ wá a. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, inú ń bí i gan-an. Ó kó ìwé, ó kó kóòmù, ó kó sálúbàtà àbúrò ìyàwó rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Ó fi bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ àga. Ó fi ìrọ̀rí kan tó jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ó wọ yàrá lọ, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ tú páálí. Àbúrò ní ó ya òun lẹ́nu pé ó fi bọ́ọ̀lù àti ìrọ̀rí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí ìrọ̀rí náà padà fún un kó rí i. Wọ́n ti fi bírò kọ "Ti Dádì" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wà lára bọ́ọ̀lù náà.

"Ó ti pẹ́ tá a ti gbọ́n," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ohun tá ò bá fẹ́ kó sọnù nílé yìí, a ó yáa kọ orúkọ ẹ̀ sí i. Kì í wo ohun tó jẹ́. Orúkọ ló ń wò."

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín náà kò dé ìdajì tó fi dúró. Ó gbé sálúbàtà rẹ̀ lọ́wọ́, kò wọ̀ ọ́, ó ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan kan, òun kàn rò pé òun ti mọ ibi tí iyọ̀ ń lọ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ́fíìsì Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà kún fọ́fọ́. Ọ̀gá Dókítà jókòó, Màmá Nọ́ọ̀sì dúró tì í, àwa yòókù fara ti ògiri. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kó má kọjá ibẹ̀. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ti wọ kóòtù. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e sókè kí gbogbo wa rí i, ó sì ṣí àpótí tí ó ti kọ̀ǹpútà mọ́. Ó gba ẹ̀dà fáìlì ìpínṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sínú fódà, ó ní kí a wò ó dáadáa. A wò ó. Ó wà níbẹ̀, orúkọ ọmọbìnrin náà lórí rẹ̀ gbangba.

Ó tẹ bọ́tìnì. Ètò náà kígbe pé ìpínṣẹ́ kò sí.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ní ẹ rí i, fóònù ni ọmọ náà ń lò. Ọ̀gá Dókítà ní kí ọmọ náà gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. Ó gbé e síbẹ̀. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà tún gbé fáìlì kalẹ̀, ó tún tẹ bọ́tìnì. Ètò náà tún kígbe. Òógùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ kóòtù. Ó yíjú sí wa, ó ní ẹnìkan nínú yàrá yìí ló ń bá a lọ́wọ́ sí i, ó ní òun ti sọ ọ́ pé iṣẹ́ rere máa ń ní ọ̀tá. Nọ́ọ̀sì kan tó ti ṣe òru tẹ̀léra rọra ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Àwa náà ká tiwa sókè. Kò rí i bí ẹ̀fẹ̀.

"Àpò ta ni kọ́kọ́rọ́ wà láti àná?" ni Ọ̀gá Dókítà bi í.

"Àpò tèmi, mà."

"Ta ló gbé fáìlì síbẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló tẹ bọ́tìnì?"

Ó wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa orúkọ mi rẹ́ lórí ẹ̀. Kẹ́ ẹ kọ ìlà tiyín padà síbẹ̀."

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà wò ó. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ti ń retí ẹ̀bẹ̀ láti àná, èyí sì ni ẹ̀bẹ̀ tó dùn mọ́ ọn jù lọ nínú gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún wa pé ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ó ní ọ̀dọ̀ tòun kò sí ìkùnsínú. Bí ọmọ bá ti mọ ẹ̀bi rẹ̀, ó tán. Ó pa orúkọ ọmọ náà rẹ́ lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, kò kánjú. Ó kọ ìlà tirẹ̀ síbẹ̀, ó sì kà á sókè bí ó ṣe ń kọ ọ́. Kò fọwọ́ kan ohun mìíràn kankan nínú fáìlì náà. Ó tẹ bọ́tìnì.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn. Dúútì oṣù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Màmá Nọ́ọ̀sì fa ewé àkọ́kọ́ yọ, ó kà á, ó ní aboyún kankan kò sí lóru.

"Mo ti sọ fún yín," ni Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà wí, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ohun tí kò bá ti ní orúkọ mi lórí, kò lè dúró nínú ẹ̀rọ mi."

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Òun náà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n tirẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé.

Màmá Nọ́ọ̀sì sún jìgí rẹ̀ sókè. "Agbálẹ̀ tẹ́ ẹ ní ká pàtẹ́wọ́ fún nípàdé ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ó ṣì ń gbálẹ̀?"

"Kí ló ń gbá?" ni Ọ̀gá Dókítà béèrè.

"Pàǹtí, mà."

"Kí lẹ ní kó máa pè ní pàǹtí?"

Ó ní ó ti pẹ́. Ó ní òun yóò lọ wò ó nílé, òun yóò wá jábọ̀. Ọ̀gá Dókítà ní kó ṣí i níbí. Ó tẹ̀ síhìn-ín, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún, bí ẹni tí kò mọ ilé ara rẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin náà kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, Agbálẹ̀ ṣí.

Ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ ni. Wọ́n ní kó tó di pé a pe fáìlì kankan wọlé, kí Agbálẹ̀ wo ìlà òkè gbogbo fáìlì tó wà nínú fódà, kí ó sì da èyí tí kò bá rí orúkọ Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà lórí rẹ̀ nù. Ìlà tí Páítọ́ọ̀nù ń fò ni Agbálẹ̀ ń kà. Ọ̀gá Dókítà kà á tán. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó wá jókòó, òṣìṣẹ́ kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, kó sì dá orúkọ rẹ̀ padà sórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá yíjú padà sí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà. Ó bi í, láìgbóhùn sókè, bóyá ọmọ yìí tàbí ẹlòmíràn kankan ti fọwọ́ kan fáìlì Agbálẹ̀ yìí rí láti ọjọ́ tí ó ti kọ ọ́.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà wo ìlà tó wà lókè rẹ̀, àwa náà sì wò ó. Ó ní rárá, mà, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.